Ọ̀jọ̀gbọ́n tí Ó Wádìí Ìdí Owó Yíyá: Raghuram Rajan àti Àwa

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ katikísímù ìjọ sọ níwájú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, àwọn oníṣòwò àti àwọn ọ̀dọ́, ní ọ̀sẹ̀ Jùbílì

 

Ìgbìmọ̀ Jùbílì ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí owó. Nígbà tí mo gbọ́, mo rò pé wọ́n ṣi ilé yà ni. Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn ọmọdé ní àdúrà, kí n sì múra àwọn tí ó fẹ́ gba Ìrìbọmi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá onímọ̀ owó, kì í ṣe ilé olùkọ́ katikísímù ni à ń júwe fún un. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ wò mí lójú, ó ní, "Tíṣà, ṣé ìwọ kọ́ ni o ka ìwé ọjọ́sí fún wa?" Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Mo gbà láti sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nínú ìjọ yìí mọ ìwé tí ìyá ń wí. Kí ọdún 2010 tó dé, àwọn ilé kan yọ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú, tí wọ́n sì ń ṣèlérí èlé tí báńkì kan kò lè san láéláé. Ọ̀kan nínú wọn rán ènìyàn wá sí ọ̀dọ̀ wa. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé tí ó mú wá, àwọn ìyá sì ní kí n kà á, kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Mo túmọ̀ rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Wọ́n bi mí pé, "Tíṣà, ṣé ó dára?" Mo ní Faransé rẹ̀ dára. Ohun tí mo sọ nìyẹn, ẹ̀rín sì pa mí nígbà náà. Wọ́n kó owó ẹgbẹ́ fún un. Ní 2010, àwọn ilé wọ̀nyí wó lulẹ̀, owó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé káàkiri ilẹ̀ yìí sì bá wọn wó. Owó tiwa wà níbẹ̀, kò sì padà di òní yìí.

Kò sí ẹni tí ó bú mi. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ìyá kan náà kí mi, wọ́n béèrè àwọn ọmọ mi. Ìbá sàn fún mi kí wọ́n bú mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìwé lórí owó, tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ jù mí lọ. Ọmọ àbúrò mi kan tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣúná ní Yunifásítì Abomey-Calavi ni ó kọ́kọ́ dárúkọ ọkùnrin kan fún mi, tí ó sì bá mi wá ohun tí ó kọ. Ọkùnrin náà ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, kò sì sí ohun tí ó dà á pọ̀ mọ́ Kétu tàbí Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó fi ayé rẹ̀ wádìí, ìbéèrè wa ni.

Orúkọ rẹ̀ ni Raghuram Rajan. Ìlú Bhopal ní ilẹ̀ Íńdíà ni a ti bí i, ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1963. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ sì gbé ìdílé náà dé Indonéṣíà, Sri Lanka àti Bẹ́ljíọ̀mù kí wọ́n tó padà sílé. Ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ni ó kọ́kọ́ kọ́ ní Delhi, ó parí rẹ̀ ní 1985. Ó lọ kọ́ nípa ìṣàkóso òwò ní Ahmedabad, ó parí ìyẹn ní 1987. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ń pè ní MIT ní Amẹ́ríkà, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1991. Orí báńkì ni ìwé tí ó fi gba oyè náà dá lé. Ní ọdún kan náà ni Yunifásítì Chicago gbà á sí iṣẹ́ olùkọ́. Níbẹ̀ ni ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣúná, ibi yòówù tí iṣẹ́ sì gbé e lọ lẹ́yìn náà, Chicago ni ó ń padà sí.

Kí ni ó wádìí? Ẹ jẹ́ kí n fi í yé yín bí ó ti yé mi. Ènìyàn méjì kan ilẹ̀kùn báńkì ní òwúrọ̀ kan náà. Ọ̀kan ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní ilẹ̀, ó ní ọkọ̀ akẹ́rù méjì. Èkejì ní ọwọ́ méjì àti ọgbọ́n orí: ó mọ bí a ti ń ṣe gàrí tí ó dára ju ti gbogbo ọjà lọ, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi lọ gbáàgúdá. Ta ni báńkì yóò yá lówó? Gbogbo yín ti mọ ìdáhùn. Ẹni tí ó ní ohun ìdógò ni wọn yóò pè wọlé. Ẹni tí owó ìbá yí ayé rẹ̀ padà, ìta ni yóò wà. A sábà máa ń sọ pé ìkà ni ó mú kí báńkì ṣe bẹ́ẹ̀. Rajan àti àwọn tí ó bá ṣiṣẹ́ wò ó títí, wọ́n rí i pé àìmọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Báńkì kò mọ ẹlẹ́gbàárí. Kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni ó ń sọ, kò mọ̀ bóyá yóò fi owó náà ra ẹ̀rọ tàbí yóò fi ṣe òkú. Ẹni tí kò bá mọ ènìyàn, ohun ìní rẹ̀ ni yóò máa wò.

Ní 1994, òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Mitchell Petersen tẹ ìwádìí kan jáde tí àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ òwò kéékèèké tí ó ju 3,000 lọ wò ní Amẹ́ríkà. Irú àwọn òwò tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ti ìdílé kan lọ ni. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣe é láǹfààní fún oníṣòwò kékeré kí òun àti báńkì kan ti jọ mọ ara wọn pẹ́. Wọ́n rí i pé àǹfààní wà. Ṣùgbọ́n ibi tí àǹfààní náà wà ni ó yà mí lẹ́nu. Èlé kò fi bẹ́ẹ̀ dínkù fún ẹni tí ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí ó rí ni pé ó rí owó yá nígbà tí ó nílò rẹ̀. Ẹni tí ó sì ń sáré kiri, tí ó ń yá díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni yìí, díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni yẹn, èlé tirẹ̀ a máa wọ́n jù, owó a sì máa ṣòro fún un láti rí.

Àwọn bàbá wa kò ka ìwé yìí, síbẹ̀ wọ́n ti ní ẹni tí ó bá yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbẹ̀fà. Owó kékeré tí a san padà ni ó ń la ọ̀nà fún owó ńlá. Èyí ni àwọn alájọ wa ti ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n Rajan kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Àní kí ìwádìí yìí tó jáde, ní 1992, ó ti kọ ọ̀rọ̀ kan tí ó fi ìhà kejì hàn. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́ lè mú ọ dè. Bí báńkì kan ṣoṣo bá mọ inú òwò rẹ, tí gbogbo àwọn yòókù kò mọ̀ ọ́n, níbo ni ìwọ yóò gbà bí ó bá ní òun fẹ́ jẹ nínú èrè rẹ? Bí o bá fẹ́ lọ sí ibòmíràn, wọn yóò rò pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́ ti lé ọ jáde ni. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbọ́ ìtàn ìwọ̀fà lẹ́nu àwọn òbí yín mọ ohun tí mo ń sọ. Ọ̀pọ̀ ìwọ̀fà, ojúlùmọ̀ ìdílé rẹ̀ ni ó ń sìn. Ìtòsí ni ó mú kí ó rí owó yá, ìtòsí náà ni kò jẹ́ kí ó rí ọ̀nà lọ.

Ní 1995, òun àti Petersen kan náà tún béèrè pé, ibo ni ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá òwò sílẹ̀ ti máa ń rí owó yá jù, ṣé ibi tí báńkì pọ̀ ni tàbí ibi tí wọn kò pọ̀? Èmi ìbá ní ibi tí wọ́n pọ̀. Wọ́n rí òdì-kejì rẹ̀. Níbi tí báńkì kò pọ̀, báńkì lè fi èlé kékeré yá ọ̀dọ́ lówó, nítorí ó mọ̀ pé bí òwò náà bá dàgbà, ọ̀dọ̀ òun ni yóò wà. Níbi tí wọ́n ti ń du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ta ni yóò sin adìẹ tí yóò lọ yé ẹyin sí ilé aládùúgbò? Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń gba owó níhìn-ín tí ẹ sì ń lọ jẹ́ oníbàárà níbòmíràn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín díẹ̀.

Òun àti Douglas Diamond, tí òun náà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Chicago tí ó sì wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2022, tún kọ ọ̀rọ̀ kan ní 2001. Wọ́n ní ohun tí ó mú kí báńkì jẹ́ ohun ẹlẹgẹ́, òun náà ni ó mú kí ó wúlò. Nítorí pé ẹni tí ó fi owó pamọ́ lè wá gba owó rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá báńkì kò lè fi gbèsè tí ó wà níta ṣeré. Ìbẹ̀rù ni ó ń mú un ṣiṣẹ́. Ẹ rò ó wò: alájọ tí gbogbo ọjà mọ ilé rẹ̀, oorun rẹ̀ kì í wọra bí oṣù bá ń parí lọ.

Ní 2003 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Fischer Black tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣúná ní Amẹ́ríkà ń fún ọ̀dọ́ onímọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ta yọ. Òun ni ó kọ́kọ́ gbà á. Ní ọdún kan náà ni ó di ọ̀gá àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní àjọ tí àwa ń pè ní FMI.  Mo mọ̀ pé bí mo ti dárúkọ FMI, ojú àwọn àgbà kan ti yí padà. Ìrántí yín kò ṣì. Ní 1988 àti 1989, nígbà tí àwọn báńkì ìjọba dà wó ní ilẹ̀ yìí, ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà ni mo wà, tíṣà sì ni bàbá mi. Ó lo oṣù lórí oṣù láìrí owó iṣẹ́ gbà. Àsìkò náà ni FMI wọlé pẹ̀lú àdéhùn rẹ̀, àsìkò náà sì ni ó bí Àpérò Orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì ọdún 1990, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù wa Isidore de Souza darí. Kò sí ẹni tí ó ní láti sọ fún wa pé báńkì lè kú. A sin ín níṣojú wa.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005 ni ohun tí ayé fi mọ Rajan ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀gá báńkì àpapọ̀ àgbáyé pàdé ní Jackson Hole, ní ìpínlẹ̀ Wyoming ní Amẹ́ríkà, láti bu ọlá fún Alan Greenspan tí ó ń múra láti fi ipò sílẹ̀. Wọ́n ní kí Rajan sọ bí ètò owó ti yí padà ní àsìkò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun rò pé òun yóò rí ohun tí òun yóò fi yìn wọ́n. Bí ó ti ń wádìí, òdì-kejì ni ó ń rí. Àwọn tí ń yáni lówó kò fi gbèsè sọ́wọ́ mọ́. Wọ́n ń dì í pọ̀, wọ́n ń tà á fún ẹni tí ó jìnnà réré tí kò rí ojú ẹni tí ó jẹ gbèsè rí. Bí èrè bá wọlé, òṣìṣẹ́ báńkì gba ẹ̀bùn ńlá. Bí àdánù bá dé, kì í ṣe àpò rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un. Rajan ní bí wọ́n bá ń bá a lọ báyìí, jàǹbá ńlá lè ṣẹlẹ̀. Igi gànnàgànnà má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Wọn kò gbà. Larry Summers, tí ó ti jẹ́ akápò ìjọba Amẹ́ríkà, dìde níbẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó fi í wé ti àwọn tí ń bẹ̀rù ohun tuntun. Rajan kọ lẹ́yìn náà pé bí Kristẹni ìgbà àkọ́kọ́ tí ó ṣèèṣì yà sáàárín àwọn kìnnìún tí ebi ń pa ni ó rí lára òun lọ́jọ́ náà. Ẹ wo ọmọ Íńdíà tí ó ya àwòrán àwọn ajẹ́rìíkú wa láti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí! Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, ilé owó ńlá Lehman Brothers wó ní New York, gbogbo ayé sì gbọ̀n. Àwọn gbèsè ilé tí wọ́n ti dì tí wọ́n sì ti tà kiri wà nínú ohun tí ó wó o.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ rẹ̀ pè é. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2013 sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, òun ni gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Íńdíà. Èmi yóò mú ohun méjì péré nínú ohun tí ó ṣe. Ní 2015, ó pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ṣí ìwé wọn, kí wọ́n sì pe gbèsè tí kò ní padà ní orúkọ tí ó ń jẹ́. Àwọn olówó ńlá tí wọ́n ti ń fi gbèsè tuntun bo gbèsè àtijọ́ mọ́lẹ̀ kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún èyí. Ní ọdún kan náà, báńkì àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ilé mẹ́wàá múra láti di báńkì kéékèèké tí yóò máa yá àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò kékeré lówó. Sáà kan ni ó lò. Nígbà tí ó parí, ó padà sí Chicago, sí iwájú pátákó ìkọ̀wé.

Ìwé kan tí ó kọ ní 2019 ni ọmọ àbúrò mi kọ́kọ́ fi hàn mí. Ó ní òpó mẹ́ta ni ayé fi dúró: ìjọba, ọjà, àti àwùjọ àwọn tí ó jọ ń gbé. Ó ní ìjọba àti ọjà ti tóbi títí, wọ́n ti fún òpó kẹta lọ́rùn, nítorí náà ni ilé ṣe tẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ èyí. Mo ní, àwùjọ, àwa nìyí! Ìjọ nìyí, ẹgbẹ́ àwọn ìyá nìyí, ẹni tí ó mọ ara rẹ̀ nìyí.

Ṣùgbọ́n mo dúró, mo tún un rò, ibẹ̀ ni mo sì ti bá ara mi pàdé. Ẹni tí ó mú ilé ìtànjẹ ọjọ́sí wá sí ọ̀dọ̀ wa, ṣé a kò mọ̀ ọ́n ni? A mọ̀ ọ́n. A mọ ìyá rẹ̀, a mọ bàbá rẹ̀, a jọ kúnlẹ̀ gba Ara Olúwa ni. Mímọ̀ tí a mọ̀ ọ́n ni ó jẹ́ kí a fún un lówó. Níhìn-ín ni mo rò pé kò yẹ kí a gba ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n wa gbọ́ ní gbígbọ́ ojú lásán. Mímọ ìdílé ènìyàn yàtọ̀ sí mímọ òwò rẹ̀. Báńkì tí ó mọ oníṣòwò nínú ìwádìí 1994, ìwé ìṣirò rẹ̀ ni ó mọ̀, ó mọ ọjọ́ tí ó san àti ọjọ́ tí kò san.

Ó pẹ́ kí èyí tó yé mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. A rò pé a lọ fi owó pamọ́ ni. A kò fi owó pamọ́: a yá wọn lówó ni. Àwa ni báńkì lọ́jọ́ náà, àwọn ni wọ́n wá kan ilẹ̀kùn. Àwọn ìyá tí kì í yá aládùúgbò ní 5,000 owó sẹ́fà láìbéèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣe, wọ́n yá àjèjì ní gbogbo owó ẹgbẹ́, kò sì sí ẹni tí ó béèrè pé, "Kí ni ẹ óò fi ṣe, tí èrè rẹ̀ yóò fi pọ̀ tó báyìí?" Èmi tí mo gbọ́ Faransé ni ó yẹ kí n bi wọ́n. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. N kò bi wọ́n. Mo ti tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn olórí ẹgbẹ́ nínú ilé; mo tọrọ rẹ̀ lónìí ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ owó Jùbílì ni ó kù. Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn gbogbo ìnáwó, ohun díẹ̀ ṣẹ́kù, ẹ sì mọ̀ pé ẹnu kò kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní kí a gbé e lọ sí ìlú ńlá, sí ibi tí èlé pọ̀. Àwọn kan ní kí a pín in yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Bí a bá bi mí, èmi wà lẹ́yìn àwọn tí ó ní kí a yá ara wa, kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó kékeré, kí ẹni tí ó bá san án ní àsìkò lè rí èyí tí ó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ gbà. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ìwé yóò wà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò sì lè kúrò láìsí ìbínú, kí a má baà sọ ara wa di ìwọ̀fà nínú ilé Ọlọ́run. Kí a sì máa ka ìwé ìṣirò sókè ní Yorùbá ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, gbèsè tí kò padà pẹ̀lú, ní orúkọ tí ó ń jẹ́.

Ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá yóò wáyé lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ láti pinnu. Ìwé àkọsílẹ̀ owó Jùbílì wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Faransé ni ojú ewé kan, Yorùbá ni ojú ewé kejì, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó lọ sílé, ẹ yẹ ìṣirò rẹ̀ wò, kí ẹ sì béèrè ohun tí kò bá yé yín.